Ẹyin Mẹ́fà àti Ìwọ̀n Kòkó

Ọdún tí mo wà ní ìwé karùn-ún ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Inísà, ẹyin sísè mẹ́fà sọnù lórí tábìlì ìkórè. Àlùfáà àgbà tó ń bọ̀ láti Òṣogbo ni wọ́n sè é dè. Láyé ìgbà yẹn, ọmọdé kì í jẹ ẹyin. Àwọn àgbà gbà pé bí ọmọ bá ti mọ adùn ẹyin, olè ni yóò dà. Ẹni tó bá wá jẹ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin náà mọ irú olè tí ìyẹn máa jẹ́.

Tíṣà wa kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tò wá sí ìlà, ó wo ikùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó wa lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ra kòkó ní òdìkejì títì. Ó ní kí a máa gun orí ìwọ̀n kòkó. Ẹni tó bá wúwo jù lọ, inú rẹ̀ ni ẹyin wà.

Gbádébọ̀ ni mọ́nítọ̀ kíláàsì wa. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkórè wà, òun náà sì ni tíṣà ní kó máa ka nọ́ńbà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Èmi, láti kékeré ni mo ti ki pọ́pọ́, egungun mi tóbi, àyà mi fẹ̀. Nígbà tó kàn mí, Gbádébọ̀ tẹ̀ síwájú láti ka nọ́ńbà, ojú rẹ̀ sún mọ́ ojú mi, mo sì gbọ́ òórùn ẹyin lẹ́nu rẹ̀ ketekete.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ gbóòórùn ẹnu Gbádébọ̀."

Tíṣà wò ó láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Eléyìí? Níbo ni yóò kó ẹyin mẹ́fà sí?"

Gbádébọ̀ ka nọ́ńbà mi sókè. Ẹgba méjìlá ni mo jẹ, méjì fún ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n kí n tó délé lọ́jọ́ náà, orúkọ mi ti di Àpò Kòkó. N kò padà sí ilé-ìwé mọ́. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n nà mí, n kò lọ. Nígbà tó sú bàbá mi, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ní Ìkìrun. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lọ́jọ́ ìkórè, dùùrù ilé-ìwé ń dún bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe, pé gbogbo èèyàn ní eku ló wọ inú rẹ̀. Inú mi dùn díẹ̀.

Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ náà, n kò fi ẹyin kan ẹnu. Gbádébọ̀ di pírínsípà, ó fẹ̀yìn tì, ó wá kọ́lé sí Ìkìrun, ìjọ Áńgílíkà kan náà ni a sì jọ ń lọ. Bí àlùfáà bá ní kí a kí ara wa pẹ̀lú àlàáfíà, apá òsì ni mo máa ń kọjú sí, nítorí apá ọ̀tún ni Gbádébọ̀ máa ń jókòó. Nígbà tó ní kí n ṣe géètì fún òun, mo ṣe é. Géètì gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà ṣe é ni pé nígbàkígbà tó bá ṣí i, yóò ké. Mo mọ ohun tí mo lè ṣe sí i tí yóò fi dákẹ́. Ó ti ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní mò ń bọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn.

Àjíkẹ́, ìyàwó mi, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Bó bá jẹ́ pé inú bíbí ń hàn lórí ìwọ̀n ni, ìwọ̀n ì bá ti fọ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀."

Lọ́dún yìí, ìjọ wa fẹ́ ṣe àjọ̀dún. Ẹgbẹ́ àwọn baba ìjọ ní a ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìkìrun, gba Inísà kọjá, lọ kí àwọn ará wa ní Òkukù. Èmi ni mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀nà náà gba iwájú ilé-ìwé yẹn kọjá. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú orí mi lókè, kí àwọn tó ṣẹ́kù nínú àwọn tó pè mí ní Àpò Kòkó rí mi.

Àmọ́ Gbádébọ̀ ni alága ìgbìmọ̀, òun ló sì ṣe òfin. Wọ́n á wọn gbogbo wa. Ẹni tí BMI rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ìwúwo àti gíga èèyàn ṣírò, bá tó ọgbọ̀n, sísanra rẹ̀ ti pọ̀ jù, inú bọ́ọ̀sì ni yóò jókòó sí, bọ́ọ̀sì yóò sì máa tẹ̀ lé àwọn tó ń rìn lẹ́yìn, kí ó má baà dákú sójú títì.

Ní ọjọ́ Sátidé, a pé sí gbọ̀ngàn ìjọ, àwọn ìyàwó wa náà wá wòran. Èyítáyọ̀, ọmọ Gbádébọ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo, ló wá wọ̀n wá. Ọmọ dáadáa ni, n kò mọ ẹni tó fi ìwà jọ. Bàbá rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé àti bírò, òun ló sì ń ka nọ́ńbà sókè fún gbogbo ilé.

Mo gun ìwọ̀n. Kílò mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Èyítáyọ̀ fi igi wọn gíga mi, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó fi han bàbá rẹ̀.

Gbádébọ̀ kà á. "Ọgbọ̀n lé díẹ̀. Bọ́ọ̀sì."

Mo ní, "Gbádébọ̀, kí lo pè mí?"

"Mi ò pè ọ́ ní nǹkan kan. Nọ́ńbà ló sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà kì í parọ́."

"Ẹni tó ń kà á ńkọ́?"

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí nù ún. N kò sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n. Mo ní, "Wọ́n ti fi ìwọ̀n dá mi lẹ́bi rí. Ìwọ náà lo kà á."

Àjíkẹ́ sọ̀rọ̀ láti ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Àwọn tó sanra lẹ ní kí wọ́n jókòó, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ní kí wọ́n lọ rìn. Ṣé ọ̀rá lẹ fẹ́ kó yọ́ ni, àbí egungun?"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí Èyítáyọ̀. "Ìyá mi, ìwọ̀n rẹ yìí, ṣé ó mọ irin yàtọ̀ sí òwú?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ìwúwo àti gíga nìkan ni BMI mọ̀. Bóyá ọ̀rá ló wúwo, bóyá iṣan ni, bóyá egungun ni, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, àmọ́ kì í ṣe ìdájọ́."

"Ṣé ó lè sọ ohun tí mo jẹ?"

"Rárá o, sà. Kò sí ìwọ̀n tó lè sọ ohun tí èèyàn jẹ."

Mo wo Gbádébọ̀. Bírò rẹ̀ ló ń wò.

Èyítáyọ̀ jáde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ mìíràn wọlé, pẹlẹbẹ bí àwo fífẹ̀, irin wà níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ yóò wà, irin sì tún wà tí a ó fi ọwọ́ dì mú. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó ní iná kékeré kan yóò gba ara mi kọjá tí n kò ní mọ̀, pé iṣan máa ń jẹ́ kí iná kọjá wéré, ọ̀rá ló máa ń dí i lọ́nà. Ó ní ẹ̀rọ náà lè ṣì í díẹ̀, nítorí náà òun yóò fi téèpù wọn ìbàdí wa pẹ̀lú.

Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Bàbá, nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlélógún péré ni ọ̀rá. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ló pọ̀ nínú èyí tó kù."

Mo na apá mi kí gbogbo ilé rí i.

"Ẹ má tíì yangàn, sà," ni Èyítáyọ̀ wí, ó ń wo téèpù. "Íńṣì mẹ́rìndínlógójì. Méjì lè kúrò níbẹ̀. Iyán alẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó kéré sí i."

"Tún un sọ, ọmọ mi," ni Àjíkẹ́ wí. "Èmi ni mò ń gún un."

Mo bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ó ku alága."

Gbádébọ̀ ní òun ti wọn tòun nílé. Ó ní méjìlélógún ni BMI òun, pé kò sí ẹni tó dára tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́. Àmọ́ gbogbo ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ pé ó ku alága, ọmọ rẹ̀ sì ti ń nu ẹ̀rọ dè é. "Dádì, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ bọ́ agbádá náà."

Ó bọ́ agbádá. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn sì so síwájú rẹ̀ bí ìbẹ́pẹ lára igi. Téèpù ka íńṣì mọ́kàndínlógójì. Ẹ̀rọ ka ọ̀rá méjìlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Èyítáyọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló gbọ́.

"Dádì, inú ikùn ni ọ̀rá tiyín fara pamọ́ sí. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ìrìn yìí, ẹ̀yin gan-an ló wúlò fún."

"Èmi? Pẹ̀lú bí mo ṣe rí yìí?"

Mo ní, "Eléyìí? Níbo ni yóò kó o sí?"

Àwọn èèyàn rò pé àwàdà lásán ni. Gbádébọ̀ nìkan ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé agbádá rẹ̀ wọ̀ láìwo ojú mi.

Ìgbìmọ̀ fagi lé òfin bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Èyítáyọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún wa, àwọn méjì tí ara wọn kò le nìkan ló ní kí wọ́n wọkọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde sígboro. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń pe alága ní Ìbẹ́pẹ. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín pàápàá. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Ọjọ́rú, mo ń kọjá níwájú ilé rẹ̀, géètì ké, ó yọrí.

"Kẹ̀lé," ló wí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe wa. "Wọ́n ń pè mí ní Ìbẹ́pẹ."

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Tèmi ti di ọdún márùndínlọ́gọ́ta."

Géètì ké, ó wọlé.

Ní ọjọ́ ìrìn, a gbéra ní Ìkìrun ní òwúrọ̀ kùtù. Gbádébọ̀ ló ṣáájú pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Nígbà tí a máa fi rí òrùlé Inísà, ẹlòmíràn ti ń bá a gbé àsíá, òun ti wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń fi ẹnu mí. Mo dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè bá mi. Kì í ṣe ìfẹ́. N kò fẹ́ kó sọ pé òun kò rí mi nígbà tí mo kọjá níwájú ilé-ìwé yẹn.

Àwa méjèèjì la jọ dé ibẹ̀. Ibi tí ìwọ̀n kòkó wà tẹ́lẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Èyítáyọ̀ ti ní kí bọ́ọ̀sì dúró sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé-ìwé, ó ń pín omi àti ẹyin sísè fún àwọn tó ń rìn. Ó ní iṣan àgbàlagbà tètè máa ń gbẹ, pé ẹyin wà lára ohun tó ń gbé e ró. Bàbá rẹ̀ gba tirẹ̀, ó jókòó sórí òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí bó o.

Èyítáyọ̀ na ọ̀kan sí mi. "Bàbá, tiyín rèé."

"Mi ò kì í jẹ ẹyin."

"Kí ló dé, sà? Ṣé kì í bá yín lára mu ni?"

"Bi bàbá rẹ."

Ó yí sí bàbá rẹ̀. Àwọn yòókù náà yí sí i. Gbádébọ̀ wo ẹyin tó ti bó dé ìdajì. Ó wo ilé-ìwé. Ọmọ rẹ̀ ló wò gbẹ̀yìn.

Ó ní, "Èmi ni." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ lọ.

"Kí lo wí?"

"Mo ní èmi ni."

"Etí mi ti ń di. Irin ni mo ń lù láti ọmọ ọdún mọ́kànlá."

"Àwa tí a wà lẹ́yìn náà ò gbọ́," ni Àjíkẹ́, tó bá bọ́ọ̀sì wá láti pín omi, wí láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀.

Gbádébọ̀ dìde. Ó dúró bí ó ti máa ń dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, gbogbo abẹ́ igi sì gbọ́ ọ. "Nígbà tí èmi àti Ìgbẹ́kẹ̀lé wà ní ìwé karùn-ún níbí, ẹyin ìkórè mẹ́fà sọnù. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo jẹ ọ̀kan, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á rí i pé ó dín, mo bá jẹ gbogbo rẹ̀. Òun ni wọ́n nà. Èmi ni mo ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, mo sì mọ̀ nígbà tí mò ń kà á pé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Torí ẹ̀ ni kò ṣe padà sí ilé-ìwé."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò pamọ́ fún ọjọ́ yìí pọ̀, mo ti ń tò ó láti ọdún pípẹ́, mo wá a, kò sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

"Èèpo rẹ̀ ńkọ́?"

Gbádébọ̀ la ọwọ́, ó wo èèpo ẹyin tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Inú dùùrù," ló wí. "Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú dùùrù."