Abẹ́rẹ́ àti Táǹkì Tó Ń Jò

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láti dá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, yóò padà wá kúnlẹ̀ bẹ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bá a sùn, òun ló ń bá a jí. Ó kó àga tìmùtìmù kúrò ní pálọ̀, ó to àga pákó méje síbẹ̀, ó sì kan pátákó dúdú mọ́ ògiri níbi tí àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọmọ méjì péré ló ń wá. Ọmọ onílé wa sì ni ọ̀kan nínú wọn.

Èmi ni mo ń gbá pálọ̀ náà. Mo bímọ lẹ́ẹ̀mejì nílé ọkọ, kò sí èyí tó dúró pẹ́ tó láti dá ojú mi mọ̀. Ọkọ mi ní kí n máa lọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo forí lé, òun ló fún mi ní igun kan lẹ́yìn àwọn àga náà fún ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọgbọ́n kan tó ń dá. Bí òbí kan bá wá wo ibẹ̀, yóò pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́jọ. Abẹ́rẹ́ là ń pè é, nítorí ó tín-ín-rín. Yóò ní kó wá ṣe ìṣirò táǹkì omi. Páìpù kan lè bu omi kún táǹkì ní wákàtí mẹ́ta, òmíràn lè bu omi kún un ní wákàtí mẹ́fà. Bí a bá ṣí méjèèjì pọ̀, wákàtí mélòó ni yóò fi kún? Abẹ́rẹ́ yóò kọ ọ́ wàrà, wákàtí méjì, ẹnu á sì ya àlejò. Wọn kò mọ̀ pé ìṣirò kan ṣoṣo yẹn ló ń kọ láàárọ̀ lálẹ́. Bó bá ṣi ìlà kan, oúnjẹ rẹ̀ yóò wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀ títí yóò fi tutù.

Nígbà tó yá, obìnrin apòògùn tó ń ta oògùn òyìnbó ní orígun òpópónà wa wá. Ó bí ìbejì, ibi tó bá sì mú wọn lọ ni gbogbo àdúgbò máa ń rọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé bí èyí bá bọ́, ó di kí òun padà lọ kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé.

Abẹ́rẹ́ kọ ìṣirò rẹ̀ tán. Apòògùn mi orí.

"O káre, ìyá mi kékeré. Bó bá wá jẹ́ pé páìpù kejì kì í bu omi sí i ńkọ́? Tó jẹ́ pé ṣe ló ń jò, tó lè fa gbogbo omi inú rẹ̀ gbẹ ní wákàtí mẹ́fà?"

Abẹ́rẹ́ wo ìyá rẹ̀. Ó nu pátákó, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà. Wákàtí méjì.

"Ó ń jò, kò jò, bákan náà ló ń kún," Apòògùn wí. "Níbo ni wọ́n ti ń ta irú táǹkì yìí? Mo fẹ́ rà á."

Ọmọ onílé rẹ́rìn-ín.

"Tún un ṣe," ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́jẹ́.

Ọmọ náà tún un ṣe. Wákàtí méjì. Ẹfun ìkọ̀wé kán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Apòògùn gbé báàgì rẹ̀. "Ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ọmọ yín lèyí, àbí?"

"Ọmọ mi kẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi wí. "Rárá o, mà. Ọmọ àbúrò mi tó ń ránṣọ lẹ́yìn un nì ni. Wọn ò tíì pẹ́ níbí. Nígbà tó dé, kò mọ ení, kò mọ èjì."

Ọmọ onílé la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó pa á dé.

Apòògùn yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀?"

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Abẹ́rẹ́ náà ń wò mí.

"Èmi ni, mà."

"Ẹ ní sùúrù, ẹ má dá tíṣà lẹ́bi. Ohun téèyàn bá bí náà ni yóò máa gbé kiri."

"Ẹ ṣeun, mà," mo dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ìbejì dé. Kò pẹ́ tí àga méje kò fi gba àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wọn wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi pe ọmọ rẹ̀ sí yàrá.

"Tíṣà ni èmi," ó ní. "Ìyá rẹ ló wà nídìí ẹ̀rọ yẹn. Bí o bá ṣì í pè níwájú wọn, o ò ní jẹun."

Ó ṣì í pè fún ìgbà díẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ sì ń tutù lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà, kò ṣì í mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi ló ń jókòó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pè é sí pátákó.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí gbogbo ọmọ ti lọ, inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ó bu oúnjẹ gbígbóná, ó fi ọwọ́ pe Abẹ́rẹ́ pé kó wá jókòó ti òun. Ọmọ náà kò dìde. Ó di etí aṣọ mi mú.

"Màámi, ṣé kí n lọ bá Tíṣà?"

Mo ní, "Abẹ́rẹ́, wọ́n ti lọ. Ó tó."

"Má bá a wí," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó gbé àwo oúnjẹ náà sí iwájú ara rẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo tó kọ́ tó yé e nìyẹn."

Ó fa ìwé àwọn ìbejì sún mọ́ra, ó sì ń maàkì wọn lọ.