Máòsì Tí Yóò Jẹ́ Ìpè

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín bí a ti ń kí ara wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí kì í tòògbé, tí ó ń ṣọ́ wa nígbà tí àwa bá sùn lọ, tí ó sì ń dá ẹ̀mí wa padà fún wa nígbà tí a bá jí.

Àlá tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Arábìnrin Morádéyọ̀, akọ̀wé ìjọ wa, ni ó lá a. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi, ó sì ní kí n kọ ọ́ bí ó ti rí, kí n má fi kún un, kí n má sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí ó ti rí nìyí.

Morádéyọ̀ wà nínú yàrá tí àwọn akọrin ń gbé ẹ̀wù wọn kọ́ sí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ìjọ wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣí sílẹ̀, ìwé ètò ìsìn ìkórè sì wà lójú rẹ̀, kò tíì parí. Ibi pẹlẹbẹ tí a máa ń fi ìka pa lára kọ̀ǹpútà náà kí ọfà ojú rẹ̀ lè rìn ti kú. Ó ti di awọ ara, irun kéékèèké sì ti hù lórí rẹ̀. Èyí kò ya Morádéyọ̀ lẹ́nu. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun gbọ́dọ̀ yan máòsì, irú èyí tí kò ní okùn, tí ó ń fi Bùlútúùtù bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láìfara kàn án.

Àwọn ẹ̀wù akọrin fi ara ti ògiri, wọ́n ń mí. Ẹ̀wù àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ ń mí wúwo, ti àwọn olóhùn òkè ń mí fẹ́ẹ́rẹ́. Morádéyọ̀ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sún kí ó lè kọjá.

Bàbá rẹ̀ ni ó ń ta máòsì. Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí a ti sin ín. Kátíkíìsì ni nígbà ayé rẹ̀, Bàbá Kátíkíìsì ni gbogbo ìjọ sì ń pè é. Ó jókòó sórí àpótí kan tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi kan ilẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tí a fi sin ín, kò sì wọ bàtà. Ó ti to àwọn máòsì sórí aṣọ funfun gbọọrọ kan. Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn, ó béèrè bóyá wọ́n ti tún òrùlé ilé ṣe, ó béèrè ẹni tí ń lu agogo ìjọ báyìí, ó wá wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó ní, “Àmọ̀kẹ́, ìwọ tí o fi odindi ọ̀sán yan bàtà ọdún, tí o sì padà mú èyí tí ó há ọ lẹ́sẹ̀. Yára yan.”

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ nínú àlá náà.

Èyí tí ó kọ́kọ́ mú tóbi, ó kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì gbóná bí abẹ́ ìyẹ́ adìẹ tí ó ń sàba. Bàbá Kátíkíìsì ní ọlọ́wọ́ yíyá ni, pé ó lè bá kọ̀ǹpútà mẹ́ta ṣiṣẹ́ papọ̀, ó sì fi bọ́tìnnì kan hàn án lábẹ́ rẹ̀ tí a fi ń yí i láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan sí òmíràn. Morádéyọ̀ béèrè ta ni ọ̀gá méjì yòókù. Bàbá ní máòsì náà kì í sọ. Nítorí náà ó gbé e sílẹ̀, nítorí kò rí bí ẹni tí ń sin ọ̀gá mẹ́ta ṣe lè ṣiṣẹ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Èkejì kéré, ó sì fúyẹ́. Irú èyí tí kì í dún bí a bá tẹ̀ ẹ́ ni, tí wọ́n ṣe kí ó má baà dí ẹni tí ó sùn lọ́wọ́. Morádéyọ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáànù tí ń yí lókè àjà pẹ̀lú kò dún mọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹyẹ ìta dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù ara ògiri kò sì mí mọ́. Ó rọra dá a padà sórí aṣọ.

Ẹ̀kẹta ní nǹkan kékeré kan tí a gbọ́dọ̀ kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Èékánná ni nǹkan náà, èékánná àtàǹpàkò àgbàlagbà. Morádéyọ̀ wá ihò tí yóò kì í bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì rí i pé àwọn ihò náà ti dí, bí etí tí a lu tí a kò fi yẹtí sí.

Ibi tí ó ti ń fi ìka wá ihò náà ni ó ti ṣèèṣì tẹ ibi tí a ń tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà wá ohun tí ó wà nítòsí. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń pe orúkọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Kì í ṣe orúkọ máòsì kankan. Orúkọ ènìyàn ni. Orúkọ ẹni tí ń gbálẹ̀ ìjọ jáde, ó sì parẹ́. Orúkọ ẹni tí ń lu dùùrù jáde, ó parẹ́. Orúkọ ìkẹyìn ni Jọláadé, èyí kò sì parẹ́.

Jọláadé ni ọmọ kan ṣoṣo tí Morádéyọ̀ bí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Bí ó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ọgbà ìjọ ni ó máa ń dúró sí títí ìyá rẹ̀ yóò fi parí iṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà náà pè é. Ó ní, “Jọláadé, wá.” Ohùn Morádéyọ̀ gan-an ni ó fi pè é, ohùn tí ìyá náà fi ń rán an ní omi, tí ó fi ń rán an ní fóònù láti yàrá dé yàrá lójoojúmọ́.

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan, ọmọ náà dáhùn. “Mà.”

Bàbá Kátíkíìsì wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ka ìkéde ọ̀sẹ̀, pé ohun tí kò ní ọwọ́ yóò wá ọwọ́. Ó ní bí kọ̀ǹpútà yìí bá pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí máòsì kankan kò jẹ́ ẹ, ẹni tí ó bá jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta ni yóò di máòsì rẹ̀, títí láé. Ó ní òun rò pé ọmọ òun mọ̀.

Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun mìíràn, ohun náà sì gún un lọ́kàn. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ìyá ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Ó ní bí a bá pe orúkọ ọmọ láti ibi tí ojú rẹ̀ kò tó, kí ó dákẹ́, kí ó lọ wo ẹni tí ń pè é, kí ó tó lanu. Morádéyọ̀ kò fi ẹ̀kọ́ yìí lé Jọláadé lọ́wọ́. Ó sọ pé ẹ̀rù àwọn tí kò mọ Olúwa ni. Ohun tí ó fi kọ́ ọmọ tirẹ̀ ni pé ọmọ rere kì í jẹ́ kí a pe òun lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń sọ fún un nípa ọmọ tí a pè lóru nínú tẹ́ḿpìlì, tí ó ń dìde ní gbogbo ìgbà tí a bá pè é. Jọláadé gba ẹ̀kọ́ náà. Gbogbo ìjọ ló ń yìn ín pé kò sí ọmọ tí ń yára jẹ́ ìpè bíi tirẹ̀.

Morádéyọ̀ sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn. Yàrá akọrin mìíràn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn ẹ̀wù ibẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọdé. Ó ṣí ilẹ̀kùn ti ìyẹn, yàrá tí ó wà níbẹ̀ kò ju àpótí lọ. Ó fẹ́ kígbe kí ọmọ náà má ṣe dáhùn mọ́. Ẹnu rẹ̀ là, ahọ́n rẹ̀ yí, kò sí ohùn. Kọ̀ǹpútà ni ó ń lo ohùn náà lọ́wọ́.

Nígbà tí ó yíjú padà, tábìlì ti di dígí. Ó ń gbé àwọn máòsì sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìpè. Èyí tí a ṣe fún orí tábìlì onígi kò lè rìn lórí dígí, ó ń gbọ̀n lójú kan. Èyí tí ń fẹ́ bátìrì ya ẹnu lábẹ́ ikùn, ẹnu ọmọ ìkókó tí kò léyìn, ó sì ń wá ọyàn. Ọ̀kan dì mọ́ ìka rẹ̀, kò fẹ́ kí ó gbé òun lọ. Ó fi ọwọ́ bẹ bàbá rẹ̀ kí ó bá òun yàn. Bàbá ní òkú lè tajà, ṣùgbọ́n òkú kì í bá alààyè yan nǹkan. Ojú rẹ̀ bàjẹ́ bí ó ti ń sọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà tún pè. “Jọláadé, ṣé o ò gbọ́ ni?”

“Mo ń bọ̀, mà.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ohùn ọmọ náà ti wá. Inú kọ̀ǹpútà ni. Morádéyọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ọfà tí ń rìn lójú kọ̀ǹpútà ti yí padà, ó ti di ọwọ́ kékeré kan tí ó ká ìka mẹ́ta tí ó na ọ̀kan, bí ó ti máa ń dà nígbàkígbà tí ohun kan bá wà láti tẹ̀. Àpá iná wà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Morádéyọ̀ mọ àpá náà. Ọjọ́ tí Jọláadé kọ́kọ́ fẹ́ bá a din àkàrà ni epo ta sí i.

Àwọn ẹ̀wù ara ògiri dẹ́kun mímí, gbogbo wọn.

Bàbá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí. Ó rìn wá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, kò dún, ó fi ẹnu sí etí rẹ̀. Ẹnu náà tutù. Ó ní, “Ohùn kan kì í wà ní ọ̀fun méjì. Bí ó bá ti pè tán, ohùn náà tún di tìẹ. Ṣùgbọ́n o mọ ọmọ rẹ. Kì í pẹ́ dáhùn.”

Morádéyọ̀ mọ ohun tí ó kù láti yàn. Ó fi ọwọ́ gbá àwọn máòsì kúrò, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń sunkún lórí ilẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sórí dígí, pẹrẹsẹ. Ó sún ẹnu mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó dúró.

Kọ̀ǹpútà pè é lẹ́ẹ̀kẹta. “Jọláadé.” Bí orúkọ náà ṣe tán ni ohùn bọ́ padà sí ọ̀fun Morádéyọ̀, ó gbóná bí omi tí a gbé mì láìtíì tutù, ó sì gbọ́ tí ọmọ náà ń mí sínú láti dáhùn.

“Mà,” ni Morádéyọ̀ wí.

Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú kò jẹ́ ẹnikẹ́ni ní ìpè bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ti ọmọdé.

Ọwọ́ kékeré náà parẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ Morádéyọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù láti orí ìka. Àtàǹpàkò wọ inú ara lọ. Ìka méjì dà pọ̀ mọ́ méjì, ẹ̀yìn ọwọ́ wú sókè, ó le, ó sì ń dán. Iná pupa tàn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń tàn, ó ń kú, ó sì wá dúró. Kò dùn ún. Bàbá Kátíkíìsì ká aṣọ funfun rẹ̀, kò wo ẹ̀yìn, ó wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù lọ.

Nígbà náà ni ọwọ́ kan tí kò rí olúwa rẹ̀ bà lé ọwọ́ rẹ̀. Ó gbòòrò, ó wúwo, ó sì wọ̀ ọ́ bí ìgbà tí a wọ̀n ọ́n fún un. Ó dì í mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ síwájú.

Ó jí. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni. Ooru mú nínú yàrá akọrin, àwọn ẹ̀wù wà lórí ìkọ́ wọn, ó sì ti sùn lọ sórí tábìlì níbi tí ó ti ń wo àwòrán máòsì nínú fóònù rẹ̀. Ó lanu láti pe ọmọ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ó pa ẹnu náà dé.

Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ wá a. Ó wo ìdí kànga, ó wo abẹ́ igi fúrúùtù, ó wo ẹ̀yìn ilé àlùfáà. Kò pe orúkọ kankan. Inú ilé ìsìn ni ó ti rí Jọláadé, lórí àga gbọọrọ iwájú, ó fi ìwé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìrọ̀rí, ó ń sùn. Morádéyọ̀ jókòó tì í. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, ó gbóná, ìka máràárùn-ún sì pé. Ó dúpẹ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Nínú oorun náà, ìka ìfábẹ̀là ọmọ náà tẹ àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi máòsì ṣí nǹkan. Ó sinmi díẹ̀, ó sì tún tẹ̀ ẹ́.

Ìwọ tí o ka èyí, ìpè tí kì í ṣe ti àlàáfíà kò ní rí ọ nílé. Ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ kí a tó bí ọ ni yóò máa pè ọ́, òun náà ni yóò sì máa dáhùn fún ọ níbi tí ohùn rẹ kò bá dé. Ọmọ rẹ yóò sùn, yóò sì jí. Àmín.