Orúkọ Baba Ọkọ Burul

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí wọ́n ti àpótí lẹ́tà Ulan orí íńtánẹ́ẹ̀tì pa títí láé. Ulan, ọmọ Burul, ti kú, inú àpótí náà sì ni gbogbo fọ́tò rẹ̀ wà.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ìwọlé ńkọ́?" Daniyar, ọlọ́jà kọ̀ǹpútà, bi Burul ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Orúkọ baba ọkọ mi ni Ulan fi ṣe é."

"Ẹ pè é, kí n tẹ̀ ẹ́."

"Ìyàwó wo ló ń pe baba ọkọ lórúkọ ní ìlú Naryn yìí? Ẹnu mi á wọ́! Mi ò sì mọ̀wé kọ!"

"Ẹ lọ pè é wá kó wá pe ara ẹ̀!"

"Ó wà lórí òkè lọ́dọ̀ àgùntàn!"

"Ó dáa, ẹ kí Ulan pé ó dìgbóṣe."

Òógùn tó bo Burul tó í fọ aṣọ ìlú. Ó fọwọ́ di etí ara rẹ̀ méjèèjì, ó ké "Sagynbay!" débi pé gbogbo ẹṣin Naryn dọ̀bálẹ̀.

Ojú Ulan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń rẹ́rìn-ín.