Ọkọ̀ Ogun Tó Fì sí Òsì

"Kí ló ń fa ọkọ̀ yìí sí òsì?"

Ọ̀gá Thiessen, olórí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Detlev Harms, tó ya àwòrán àtúnṣe ọkọ̀ náà, kúnlẹ̀ síwájú okùn gígùn tí wọ́n so òjé mọ́ nídìí. Ó yẹ kí òjé náà dúró sórí àmì. Ó ti kúrò níbẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ọjọ́ kẹta rèé.

Ọdún méje ni ọkọ̀ ogun náà, Bogislav, ti ń rìn lórí òkun Baltic. Ìbọn ńlá mẹ́rin ló gbé, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ irin mẹ́ta tó ń yí nínú omi ló sì ń tì í lọ. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kan ọkọ̀ tó gbé ìbọn ńlá mẹ́wàá, gbogbo ìlú Kiel sì ti ń fojú arúgbó wo Bogislav. Àtúnṣe Detlev ló lè dá a padà sáàárín àwọn ọkọ̀ ogun yòókù.

"Ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ń bọ̀ ní aago méjìlá," Thiessen wí. "Mi ò lè fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ tó fì. Bí mi ò bá sì fọwọ́ sí i, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n á so ó mọ́, òun àti àwòrán rẹ."

"Ìṣirò mi pé, Ọ̀gá."

"Á jẹ́ pé òjé ló ń purọ́."

"Òjé ò purọ́, èmi náà ò purọ́. Nǹkan tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà nínú ọkọ̀ yìí tí kò sí nínú ìwé mi."

"Ọmọ yunifásítì. Wá a rí, kí n tó darúgbó ju báyìí lọ."

Detlev ti yẹ yàrá èédú wò. Ó ti wọn omi, ó ti ka ọta ìbọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń wọn ọkọ̀, torí ìgbà oúnjẹ àárọ̀ yẹn nìkan ni òòlù máa ń dákẹ́, tí òjé sì lè dúró sójú kan. Ebi ń pa òun náà. Ó mú búrẹ́dì rẹ̀, ó gun àkàsọ̀ lọ sókè.

Afẹ́fẹ́ àríwá gbá a létí. Ó yára yí ẹ̀yìn ilé ìbọn lọ síbi tí oòrùn wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun.

"Oníwèé ti dé," Jochim tó ń kan irin wí, wàràkàṣì kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ sún, kó jókòó. Kò fẹ̀ rárá, bíi pẹ́ńsù ló rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sún. Detlev jókòó, ó bu búrẹ́dì jẹ, ó sì wo apá ọ̀tún ọkọ̀ tó ṣófo láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó dáwọ́ jíjẹ dúró.

"Jochim, ṣé ibí lẹ ti máa ń jẹun láràárọ̀?"

"Ibo la tún fẹ́ jókòó sí? Inú afẹ́fẹ́?"

Detlev dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn fìlà tó tò lọ lápá òsì. Wọ́n jẹ́ igba, láì ka òun fúnra rẹ̀: tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn.