Ọwọ́ Tó Ń Mọ Ganesha
Ọ̀la lọdún, Dattaram sì bá ère amọ̀ Ganesha, òrìṣà tó ní orí erin, nílẹ̀, imú rẹ̀ ti kán. Ta ló máa bọ ère tó kán? Ló bá fọ́ Revati, ọmọ rẹ̀, létí. Àṣé ológbò ló ti ère náà ṣubú.

Ìyá Dattaram fara ya: "Ìwọ onínúfùfù yìí! Ṣé orí erin ni wọ́n bí Ganesha mọ́ ni? Ṣiva bàbá rẹ̀ ló fi ìbínú bẹ́ tàkọ́kọ́, tó wá ń sunkún. Òun rí orí mìíràn fi dípò. Ìwọ ńkọ́?"

Ojú ti Dattaram. Ó ki ọwọ́ bọ amọ̀ tútù títí inú rẹ̀ fi rọ̀, ó sì rọra nawọ́ láti fi pa ọmọ rẹ̀ lórí.

Revati yára fi apá bojú.