Ohun Tí Adégbọlá Sọ Nínú Mọ́tò

"Ṣé ẹ gbọ́ pé Adégbọlá..."

"Saadat, Adégbọlá wo? Èyí tó ń bá wa ṣe care níbí?"

"Òun mà ni. Mo fetí ara mi gbọ́ ọ, inú mọ́tò ẹ̀, ní car park wa níbí, ìbọn..."

"Ìbọn kẹ̀! Ní Thamesmead? Ẹ̀wọ̀n Belmarsh ò sì jìnnà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n máa fi..."

"Ẹ rọra, ẹnìkan ń bọ̀."

Ìyèbíyè ló ń bọ̀. Ó wọ yàrá ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, ó kí wọn, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà. Onítìjú ọmọ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́. Ó sì mọ ibi tí irọ́ náà ti sú yọ, torí òun gan-an ló jókòó ti Adégbọlá nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan létí adágún Southmere, ní London, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà kan náà ni wọ́n ń lọ ní Woolwich, nítorí náà Adégbọlá a máa gbé e délé lẹ́yìn iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, kò tíì ṣíná mọ́tò tí fóònù fi dún. Ìyàwó Ṣògo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni, láti Texas ní Amẹ́ríkà. Ṣògo ti kú. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló bá a fa ọ̀rọ̀, ló bá lọ sídìí mọ́tò ara rẹ̀, ó mú ìbọn jáde, ó yìnbọn pa á. Òfin ibẹ̀ gbà fún òṣìṣẹ́ pé kó ti ìbọn mọ́ inú mọ́tò níbi iṣẹ́. Ọ̀gá iṣẹ́ ò lè sọ pé rárá. Adégbọlá ṣí ilẹ̀kùn bí ẹni tí afẹ́fẹ́ tán fún, ó ń pariwo sí fóònù. Saadat ń kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbé lọ.

Nígbà tó pa fóònù, Adégbọlá nu ojú. "Ìyèbíyè, ẹnu ẹ o. Ẹ̀jẹ̀ ríru Mummy ò tíì wálẹ̀. Wòlíì àtàwọn àgbà ló máa túfọ̀ fún wọn, tó bá yá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

"Mo gbọ́, Uncle."

Ìyá náà wá kí i láti Ìbàdàn ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nítòsí Birchmere Park ló dé sí. Ìyá Ṣògo ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, Adégbọlá a wolẹ̀.

Irọ́ náà dé etí ọlọ́pàá, wọ́n wá. Wọ́n tú mọ́tò náà lójú gbogbo èèyàn. Sùtánà funfun àti bàtà iṣẹ́ ni wọ́n bá. Síbẹ̀, mánéjà ní kó lọ jókòó sílé ná, títí yóò fi ṣàlàyé ohun tó sọ nípa ìbọn. Adégbọlá ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. "Ọ̀rọ̀ ẹbí wo?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ó mọ̀ pé ohun tó bá dé ọ́fíìsì láàárọ̀ yóò ti dé Woolwich kó tó dìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ orí iṣẹ́ yẹn ni físà rẹ̀ dúró lé.

"Uncle, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún mánéjà," Ìyèbíyè bẹ̀ ẹ́.

"Kí o lè pa ìyá mi? Èèyàn lè ríṣẹ́ míì, Ìyèbíyè. Kò lè rí ìyá míì."

Adégbọlá pa òótọ́ mọ́, ṣùgbọ́n irọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Àìkú, bí àwọn àti Ìyèbíyè ṣe délé láti ibi ìsìn, Ìyá Ṣògo ò tiẹ̀ bọ́ sùtánà.

"Adégbọlá, ta lo fẹ́ yìnbọn fún?"

"Mummy, mi ò níbọn."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ní kó o jókòó sílé? Gbogbo ààwẹ̀ tí mo gbà lórí ẹ, jàgùdà lo wá dà ní London? Ó dáa. Jẹ́ n pe Ṣògo, òun nìkan lo máa ń bẹ̀rù. Ó ti ṣe díẹ̀ tí kò gbé fóònù mi, ṣùgbọ́n lónìí, á gbé e."

Adégbọlá já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí láyé. Ìyá wo ọmọ, ó wo Ìyèbíyè, ojú rẹ̀ yí padà. Kí ẹnikẹ́ni tó dì í mú, ó ti kúnlẹ̀ síwájú ọmọ kékeré.

"Yéè! Mummy, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mi ò dìde. Ìwọ lo wà nínú mọ́tò. Wọn ò kọ́ ẹ ní irọ́ nílé yín. Kí lọmọ mi sọ?"

Ìyèbíyè wo Adégbọlá. Ó ti kọjú sí ògiri. Kò ní kó má sọ ọ́. Òun náà kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú méjèèjì, ó sì sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

"Uncle ní, 'Auntie, irú òfin wo nìyẹn, tó ní kí òṣìṣẹ́ máa tọ́jú ìbọn sínú mọ́tò níbi iṣẹ́? Ìbọn inú mọ́tò ni wọ́n fi pa bọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Mummy gbọ́ pé Ṣògo ti kú.'"