Àwọn Tó Sùn Lẹ́yìn Ọsibítù

Ojú èmi àti Ọlátẹ́jú ṣe mẹ́rin lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ọsibítù àtijọ́ ní Runjin Sambo, àdúgbò kan nílẹ̀ Hausa tí à ń gbé. Èrò kún ibẹ̀ bí eéṣú. Àwọn tó mọ̀wé ń kà, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń tì wọ́n lẹ́yìn pé, "Kí ni wọ́n wí? Kí ni wọ́n wí?" Mo gbójú sókè, mo sì rí ọkùnrin kan lódìkejì èrò tó ń wò mí bí ẹni pé mo ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ìpàdé kan láti ọ̀run.

Ìwé náà sọ pé Dókítà Ọ̀ṣúnṣínà, tó ti ti ọsibítù rẹ̀ pa láti ọdún mẹ́ta, ń bẹ ìjọba kí wọ́n jẹ́ kó sọ ilẹ̀ ìwòsàn di ilẹ̀ ilé gbígbé. Fúláàtì méjìlá ló fẹ́ kọ́. Ẹni tó bá lòdì sí i, kó kọ lẹ́tà wá kí ọjọ́ mọ́kànlélógún tó kọjá. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ tí sàréè bá wà nínú rẹ̀, wọn kò ní fọwọ́ sí i.

Ọkùnrin náà ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ mi. "Èmi ni mo ya àwòrán àwọn ilé náà. Ọlátẹ́jú lorúkọ mi. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo dé. Dókítà ló bí mi."

Oyin tó ti ń kán sí mi lọ́kàn di orógbó. Síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín sí i. "Ọpẹ́láyọ̀ ni tèmi. Irun ni mo ń ṣe ní Gagi. Ẹ máa kí wa níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀rín yẹn. Lọ́dún 1977, Àǹtí Lísì, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, rọbí wọ ọsibítù yẹn láàárọ̀. Dókítà ti lọ wo eré ìje ẹṣin. Nígbà tó fi máa dé nírọ̀lẹ́, ọmọ ti kú. Kí ẹnikẹ́ni má baà bi í níbi tó wà, ó sọ fún ọkọ Àǹtí Lísì pé àgbo ìṣẹ́yún tí ìyàwó rẹ̀ mu ló pa ọmọ. Ọkọ gbà á gbọ́, ó kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ síta. Kofar Rini ni Àǹtí Lísì ti ń ránṣọ báyìí. Bí wọ́n bá gbé aṣọ ọmọdé wá, á ní kí wọ́n wá télọ̀ mìíràn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀nà tí Dókítà yóò fi jẹ nínú ohun tó sè fún wa. Ó ti wá dé.

Alaalẹ́ ni Ọlátẹ́jú ń gbé ẹran kilishi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, ọkàn mi kò gbà. Lọ́jọ́ kan ó fi alùpùpù Vẹ́sípà rẹ̀ gbé mi lọ wo ilẹ̀ náà. Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà sínú iyanrìn lẹ́yìn ọsibítù.

"Yàrá tiwa rèé, Ọpẹ́. Fèrèsé á kọjú sí ìlà oòrùn kí o lè tètè máa jí sí mi."

Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Àfi bí Mamman, maigadi tó ń ṣọ́ ọsibítù, ṣe sáré dé. "Haba! Ẹ kúrò níbẹ̀!" ó ń pariwo ní Hausa. Ọlátẹ́jú kò gbọ́ Hausa. Ó rò pé bàbá náà ń kí wa ni, ó juwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan padà lọ.

"Baba Mamman, kí ló wà níbẹ̀?"

"Òkú ọmọ yín mẹ́rìnlá," ó wí. "Àwọn Hausa máa ń gbé tiwọn lọ sí itẹ́ òkú wọn. Ẹ̀yin àlejò, èmi ni Dókítà ń ní kí n gbẹ́lẹ̀ fún. Mo fi òkúta sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n kó òkúta yẹn kúrò báyìí. Wallahi, n kò kó o." Ó nawọ́ sí ẹ̀bá ògiri. "Ti yarinya, ọmọbìnrin tó ń ránṣọ ní Kofar Rini nìyẹn."

Mo kọ lẹ́tà níbẹ̀ pé sàréè wà lórí ilẹ̀ náà. Mamman tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Ọjọ́ kọkànlélógún ni ìjọba pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mo fi lẹ́tà han Ọlátẹ́jú, nítorí n kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó kà á, ó fajú ro.

"Ọpẹ́, jọ̀ọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ wá tọrọ rẹ. Bí o bá fún wọn ní lẹ́tà yìí, bàbá mi kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ mọ́ láé."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ á ṣì fẹ́ gbọ́ ọ?"

Ó wo ilẹ̀. Mo gba lẹ́tà mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé.

Sàlíhù, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, bi Dókítà bóyá sàréè wà níbẹ̀.

"Rárá o, ranka ya daɗe, kí ẹ̀mí yín gùn," ni Dókítà wí. "Àwọn obìnrin ìlú wa tó bímọ lọ́dọ̀ mi ló kún ibí yìí. Ẹni tó bá mọ sàréè ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, kó dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde. Àǹtí Lísì tẹrí ba. Kò sí ìyá Yorùbá kan tó ń mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, èèwọ̀ ni. Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èmi mọ̀ ọ́n, sà," mo wí, mo dìde.

"Ìwọ?" Ó yíjú sí èrò. "Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọge tí kò tíì rí ọkọ, ìgbà wo lo bímọ tó kú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"N kò bímọ, sà. Àbúrò ìyá ni mí, èèwọ̀ kò dè mí. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́, ká jọ lọ kà wọ́n. Kí ẹ sì sọ fún ọkọ Àǹtí Lísì, tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, pé orí pápá ẹṣin lẹ wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń kú."

Ẹ̀rín dá. Òógùn bo Dókítà níwájú orí. Àǹtí Lísì gbórí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún, ó tẹjú mọ́ ọkọ àárọ̀ rẹ̀ títí tí ọkùnrin náà fi wo ibòmíràn.

Ọlátẹ́jú dúró sí ojú ọ̀nà mi láàárín àwọn àga. Ìfẹ́ rẹ̀ ń jó mi bí iná, mi ò ní purọ́. Mo fi ẹ̀gbẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá, mo rìn dé iwájú tábìlì, mo sì fi lẹ́tà náà lé Sàlíhù lọ́wọ́.